A Dé Ibẹ̀, Ṣùgbọ́n A Ò Wọlé

Ẹ bá mi wo obìnrin kan tó dúró sí ẹnu géètì ilé-ìwé, tó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, tí kò lè wọlé, tí kò sì lè padà. Géètì ò tì o. Aṣọ́nà tiẹ̀ ti fà á sẹ́yìn fún wọn, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ mà, ẹ máa wọlé." Ẹsẹ̀ obìnrin náà ló kọ̀ tí ò gbé.

Níbẹ̀ ni irọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé rẹ̀ ká ti bẹ̀rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé, kí n má sì bu omi là á. Ó ní ká ní òun ti rí irú rẹ̀ kà ṣáájú ni, bóyá òun ì bá gbọ́n.

Aránṣọ ni, aṣọ ìgbéyàwó sì ni àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́. Ọkọ rẹ̀ ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ó ti parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó ku girama. Adájọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọ náà, torí kò mọ irọ́ pa. Kì í ṣe pé wọ́n nà án tí kò fi purọ́ mọ́ o. Kò mọ̀ ọ́n pa ni, bí ẹlòmíì ò ṣe mọ odò wẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá sì ṣe jáde lẹ́nu rẹ ni Adájọ́ máa gbà á. Oníbàárà kan wọ aṣọ tuntun rẹ̀ wò lọ́jọ́ kan, ó figbe ta, ó ní, "Háà, ẹnu yà mí!" Adájọ́ dìde níbi tó jókòó sí, ó lọ yẹ ẹnu obìnrin náà wò dáadáa, ó ní, "Kò ya, mà. Ètè yín ló gbẹ."

Ohun tó máa ń bá a jà ni ariwo òjijì. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ kì í yọ ọ́ lẹ́nu, ó máa ń sùn síbi tó ti ń kùn. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn bá gbá gbàgà, á fọwọ́ di etí, á wá ibi tó há, á kó wọ ibẹ̀.

Dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò. "Ọpọlọ ọmọ yín pé," ló sọ fún wọn. "Ọ̀nà tó ń gbà gbọ́ ayé ló yàtọ̀ sí tiyín. Ọ́tísìmù là ń pè é. Tí ẹ bá fẹ́ mú un lọ sí girama, ẹ wá ibi tí wọ́n ti mọ irú rẹ̀ kọ́."

Irú ibẹ̀ wà lóòótọ́. Ilé-ìwé kékeré kan wà lẹ́yìn ilé-búrẹ́dì, èèyàn ò pọ̀ ní kíláàsì wọn, wọ́n sì ní àwọn olùkọ́ tó kọ́ iṣẹ́ títọ́ irú Adájọ́ yanjú. Bàbá ọmọ náà gbọ́ nípa rẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń súfèé níbi tó ti ń fọ ọwọ́ rẹ̀ tí gíríìsì bò.

Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n kan.

Góòlù ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin yìí ń tà. Ilé-ìwé Orí Òkè ni àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń lọ, níbi tí ògiri ti funfun bí ẹyin, tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wọ kóòtù. Nígbà tó gbọ́ ilé-ìwé ẹ̀yìn ilé-búrẹ́dì, ṣe ló fi tíì tó ń mu sílẹ̀.

"Ibi tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ tí ò pé sí? Àbúrò mi, ọmọ yìí rẹwà, ó mọ ìṣirò, ẹni tí kò bá bá a sọ̀rọ̀ ò lè mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é. O wá fẹ́ fi òǹtẹ̀ lù ú níwájú orí?"

"Àǹtí mi, dókítà ló ní—"

"Dókítà ò sí ládùúgbò yín. Dókítà kọ́ ló máa gbọ́ ohun tí wọ́n máa wí."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ aránṣọ lára. Ó wọ̀ ọ́ bí aṣọ tí wọ́n wọn èèyàn kí wọ́n tó rán, kò fún, kò sì ṣò.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ rí ilé-ìwé ẹ̀yìn ilé-búrẹ́dì náà, wọ́n pe ọkọ rẹ̀ síbi iṣẹ́ pàjáwìrì ní ilé ìwòsàn kan. Ló bá ní kí ìyàwó òun mú ọmọ lọ. Báyìí ni ìyá àti ọmọ ṣe dé ẹnu géètì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ibi tí ìyá ti ń wá agbára tó máa fi gbé ẹsẹ̀, ọkọ̀ kan dẹ̀rìn. Ìyàwó máníjà báńkì ni, ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ tó lówó jù, tí ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Ó yọ orí láti fèrèsé.

"Ìyá Adájọ́! Kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Búrẹ́dì!" ni obìnrin náà dáhùn, kó tó mọ̀ pé òun ti lanu. "Búrẹ́dì la fẹ́ rà!"

Ó fa ọmọ rẹ̀, wọ́n yí ẹ̀yìn ilé po, wọ́n sì lọ ra búrẹ́dì lóòótọ́. Adájọ́ ń wo búrẹ́dì náà bí ẹni ń wo àlejò tí wọn ò retí.

"Mọ́mì, búrẹ́dì wà nílé."

"Mo mọ̀."

"A ò tíì wọ ilé-ìwé."

"Mo mọ̀, dákẹ́."

Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí, ì bá ṣeé tún ṣe lọ́jọ́ kejì. Àmọ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí ọkọ rẹ̀ ṣe gbé àpótí irinṣẹ́ kalẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ bi í ni, "Kí ni wọ́n wí?" Ojú ọkùnrin náà ń tàn. Kò tíì bọ́ bàtà.

Aránṣọ la ẹnu láti sọ òótọ́. Irọ́ ló jáde, bí ọṣẹ tó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹni.

"Wọ́n ní kò sáyè mọ́."

Ọkọ rẹ̀ jókòó. "Kò sáyè? Fún ọmọ kan?"

"Wọ́n ní ó ti kún. Mo bẹ̀ wọ́n títí." Ẹ ò rí i pé irọ́ kì í dá rìn? Èkejì rẹ̀ ti dé, kí àkọ́kọ́ tó jókòó.

Adájọ́ wà ní balùwẹ̀ nígbà yẹn. Ìyá rẹ̀ sáré lọ bá a níbẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn méjèèjì.

"Gbọ́ mi. Tí Dádì bá bi ẹ́ nípa ilé-ìwé, sọ pé a dé ibẹ̀."

"A dé ibẹ̀. A ò wọlé."

"Dúró síbi 'a dé ibẹ̀'."

Ọmọ náà wo ilẹ̀ balùwẹ̀. "Níbo ni mo máa dúró sí?"

"Mo ní, kó o sọ 'a dé ibẹ̀', kó o wá dákẹ́. Ṣé irọ́ ni pé a dé ibẹ̀?"

Adájọ́ rò ó títí, ọṣẹ ń kán sílẹ̀ létí rẹ̀. "Kì í ṣe irọ́."

"O ṣeun, ọmọ mi."

Bí obìnrin náà ṣe gbà pé òun ti rí ọgbọ́n dá nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń jẹun, bàbá bi ọmọ, ọmọ ní, "A dé ibẹ̀," ó sì dákẹ́. Bàbá rẹ̀ rò pé ìbànújẹ́ ni kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Ó fọwọ́ pa á lórí, kò sì lè parí oúnjẹ rẹ̀.

Ìyẹn gún ìyàwó rẹ̀ lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí èṣù kékeré kan ń sọ fún un pé ó ti di ṣíṣe, kó kúkú parí rẹ̀. Ló bá dá a lábàá pé kí wọ́n gbìyànjú Orí Òkè. Ọkọ rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Tó bá jẹ́ pé ohun tó kù nìyẹn, ẹ lọ wò ó."

Aránṣọ rán aṣọ tuntun fún Adájọ́ nítorí ọjọ́ náà. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń kọ́ ọ. "Ohun tí wọ́n bá bi ẹ́ nìkan ni kó o dáhùn. Má fi nǹkan kan lé e."

Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé ló gbà wọ́n lálejò, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí táì fún lọ́rùn. Yàrá rẹ̀ ń dán, tábìlì rẹ̀ gbòòrò bí ibùsùn.

"Báwo ni, ọmọ dáadáa?"

"Báwo ni kí ni?" ni Adájọ́ bi í.

Ìyá rẹ̀ wúkọ́. "Àwàdà ló ń ṣe, sà."

"Mi ò ṣe àwàdà."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìṣirò. Kó tó pe ìbéèrè tán, ìdáhùn ti wà nílẹ̀. Ó gbé ìpéǹpéjú rẹ̀ sókè, ó tún bi í èyí tó le jù, Adájọ́ tún dáhùn. Aránṣọ ń wúga, orí rẹ̀ ń wú.

"Kí lo fẹ́ dà lọ́jọ́ iwájú?"

"Èmi náà."

"Ọmọ yìí jinlẹ̀ o!" Igbákejì ọ̀gá gbá tábìlì. "Kí ló dé tó o fi yan ilé-ìwé wa?"

"Mi ò yàn án. Mọ́mì ló yàn án."

"Ọmọ tó ń gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu! Irú wọn ṣọ̀wọ́n."

Gbogbo ohun tó yẹ kó tú àṣírí ni ọkùnrin náà ń sọ di ọgbọ́n. Aránṣọ ti ń fọkàn yan aṣọ kóòtù. Ìgbà náà gan-an ni aago ilé-ìwé dún.

Aago Orí Òkè kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fọwọ́ mì lásán. Irin ni, iná mànàmáná ló ń lù ú, orí ọ́fíìsì yẹn sì ni wọ́n gbé e kọ́ sí. Fèrèsé gbọ̀n. Nígbà tí aránṣọ máa fi wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àga ọmọ rẹ̀ ti ṣófo.

"Ọmọ ọ̀hún dà?" ni igbákejì ọ̀gá bi í.

"Pẹ́ńsù rẹ̀ ló jábọ́, sà!" Òun náà sì kúnlẹ̀, ó rá wọ abẹ́ tábìlì lọ, tòun ti aṣọ olówó ńlá tó wọ̀.

Adájọ́ ká jọ síbẹ̀. Ó fọwọ́ méjèèjì di etí, ó dijú pinpin. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n wìnnìwìnnì bí aṣọ tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ.

"Jẹ́ ká jáde," ni ìyá rẹ̀ sọ sí i létí. "Ó ti dákẹ́."

"Kò tíì dákẹ́ nínú etí mi."

"Ṣé ẹ ti rí i?" Ohùn igbákejì ọ̀gá ló ń ti òkè wá.

"À ń wá a, sà!"

"Kò sí pẹ́ńsù kankan nílẹ̀, sà," ni Adájọ́ pariwo láìla ojú.

Nígbà tí wọ́n jáde, aránṣọ fi eruku orúnkún rẹ̀ ṣe ẹ̀rí, ó ní àwọn ò rí i. Igbákejì ọ̀gá wo ìyá, ó wo ọmọ, ó wo orí tábìlì. Lẹ́yìn náà ló ní àwọn gba ọmọ náà wọlé, torí ọmọ tó mọ ìṣirò báyìí ò ṣeé fi sílẹ̀.

Ó yẹ kí aránṣọ jó délé. Ó fò díẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n egungun wà nínú ayọ̀ náà. Bó bá fẹ́ gbé e mì, ara ọmọ tó ń gbọ̀n lábẹ́ tábìlì á há a lọ́fun.

Ọkọ rẹ̀ ní ó dáa nígbà tó gbọ́. Kò súfèé.

Ẹni bá mọ ọkùnrin náà mọ̀ pé kì í jọ̀wọ́ ohun tó bá bàjẹ́. Bó bá rí ẹ̀rọ tí gbogbo ayé ti sọ nù, òun á tú u palẹ̀ títí tó fi máa mí. Ó ní ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ẹ̀yìn ilé-búrẹ́dì ò kúrò lọ́kàn òun. Ó ní òun máa lọ bẹ̀ wọ́n fúnra òun.

"Wọ́n ti lọ fún ìsinmi," ni ìyàwó rẹ̀ yára wí.

"Mo gba ibẹ̀ kọjá lánàá. Ọ̀gá wọn wà níbẹ̀."

"Bàbá Adájọ́, ẹ má lọ rẹ ara yín sílẹ̀ nítorí wọn."

"Ọmọ mi ni. Ta ni mo tún fẹ́ rẹ ara mi sílẹ̀ fún?"

Ó mú alábàáṣepọ̀ mọ́ra: ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé lókè ilé wọn, tí wọ́n ń pè ní Sájẹ́ńtì. Sájẹ́ńtì ò níṣẹ́ kankan mọ́ ju kó máa wo ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde lọ. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n lé ọmọ kúrò nílé-ìwé, ó lọ wá bẹ́líìtì rẹ̀ jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ, aránṣọ pe ọkọ rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù pé kó tètè máa bọ̀, ẹ̀rọ amúlétutù òun ti kú pátápátá, àwọn oníbàárà ti ń làágùn sí aṣọ funfun. Ọkùnrin náà sáré dé. Ó wo ẹ̀rọ náà, ó wo ògiri.

"Wáyà iná ẹ̀ ni kò sí lára ògiri."

"Háà! Ta ló wá yọ ọ́?"

"Ìwọ," ni Adájọ́ wí láti ibi tó ti ń to bọ́tìnnì. Ó tún un ṣe kíá: "Ẹ̀yin, Mọ́mì."

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó rò pé ìgbàgbé ni. Ó ki wáyà náà bọ ara ògiri, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Sájẹ́ńtì ń dúró dè é níta.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ onígóòlù wá wọn aṣọ. Ó gun àpótí, ó dúró gbọnrangandan nínú aṣọ tí wọn ò tíì rán apá kan rẹ̀. Aránṣọ kúnlẹ̀ nídìí rẹ̀, ó fi ètè há píìnì bí ẹni pé eyín ló hù síta. Ni ilẹ̀kùn bá ṣí.

Ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. Sájẹ́ńtì tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn wọn ni obìnrin kúkurú kan tó wọ gíláàsì ńlá àti sálúbàtà.

"Ẹ káàsán o. Èmi ni ọ̀gá ilé-ìwé tó wà lẹ́yìn ilé-búrẹ́dì."

"M̀-m̀-m̀," ni aránṣọ wí, tòun ti píìnì.

"Ọ̀gá ní àwọn ò lé ẹnì kankan," ni ọkọ rẹ̀ wí. Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀, kò bínú rárá. "Wọ́n ní àyè wà rẹpẹtẹ. Wọ́n ní olùkọ́ ọmọ wa ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti sọ nípa rẹ̀ fún àwọn, àwọn ti ń retí rẹ̀. Mo ní ìyàwó mi dé ibẹ̀, kò lè parọ́ irú ẹ̀, òṣìṣẹ́ yín kan ló ní láti ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ni wọ́n bá ní kí àwọn wá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Ta lo bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

"Ẹ ṣàpèjúwe onítọ̀hún," ni Sájẹ́ńtì wí, ó fa bẹ́líìtì sókè. "Ṣé ó ga, àbí ó kúrú?"

"Yọ píìnì lẹ́nu kó o dá wọn lóhùn!" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jágbe lórí àpótí.

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ píìnì. Ó ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gún wọn mọ́ tìmùtìmù wọn, ó ń tò wọ́n kí wọ́n gún régé. Kò tíì fi irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ rí láyé ẹ̀. Nígbà tó tán, kò sí ibi tó tún lè sá sí.

"Ó… ó ga díẹ̀," ló wí.

Ọ̀gá ilé-ìwé yọ gíláàsì rẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Kò sẹ́ni tó ga lọ́dọ̀ wa. Èmi tí ẹ ń wò yìí ni mo ga jù."

Sájẹ́ńtì ti rí ibi tí èéfín ti ń rú. Ó yíjú sí igun ṣọ́ọ̀bù. "Adájọ́, ìwọ náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"A dé ibẹ̀," ni ọmọ náà wí. Ó sì dákẹ́.

"Ẹ̀yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Mọ́mì ní kí n dúró síbi 'a dé ibẹ̀'."

Ẹ̀rọ amúlétutù nìkan ló ń fẹ́. Bàbá Adájọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ta lẹ bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ọmọ mi?"

"Aṣọ́nà. Ó ní ẹ káàbọ̀ mà, ẹ máa wọlé. A ò wọlé. Ìyàwó máníjà kọjá. A lọ ra búrẹ́dì." Ó wo ìyá rẹ̀, ó sì fi èyí tó ń dùn ún lọ́kàn látọjọ́ yẹn kún un: "Búrẹ́dì wà nílé."

Ilẹ̀ ò lanu, ì bá gbé aránṣọ mì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí, píìnì gún un ní ìdí, ó ké, ó jáde lọ sínú ọkọ̀ rẹ̀ tòun ti aṣọ tí ò pé apá. Sájẹ́ńtì ní òun rántí nǹkan kan tí òun fi sórí iná. Kò fi nǹkan kan sórí iná.

Ọ̀gá ilé-ìwé ló fa àga jókòó. "Mà, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ yí padà ní géètì wa. Aṣọ́nà mi ti mọ irú ìrìn yẹn. Àwọn kan ní àwọn ń wá ilé-ìfìwéránṣẹ́. Ẹ̀yin ẹ tiẹ̀ ra búrẹ́dì lóòótọ́."

Ọkọ rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo lọ bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí ẹnì kankan ò fi dù mí," ló wí. "Sájẹ́ńtì bú obìnrin yìí. Mo dúró tì í, mo ń mi orí. Ṣé ọmọ wa ló ń tì ọ́ lójú?"

"Rárá o! Ẹ̀rù ohun tí wọ́n máa wí ló bà mí."

"Àwọn wo?"

Aránṣọ wá wọn. Ó wo ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà sá, ó wo ibi tí Sájẹ́ńtì gbà lọ. Kò rí ẹnì kankan tó lè fi ọwọ́ tọ́ka sí.

Ìgbà yẹn ló sunkún. Ó bẹ ọkọ rẹ̀, ó bẹ ọ̀gá ilé-ìwé. Ó wá lọ kúnlẹ̀ níwájú Adájọ́. "Mo fi ẹ́ purọ́, ọmọ mi. Má bínú."

"Ẹ ò fi mí purọ́," ni Adájọ́ wí. "A dé ibẹ̀ lóòótọ́."

Òun fúnra rẹ̀ ló padà lọ sí Orí Òkè lọ́jọ́ kejì láti dá àyè wọn padà fún wọn. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún igbákejì ọ̀gá láìbo nǹkan kan. Ọkùnrin náà tú táì rẹ̀ díẹ̀.

"Orí tábìlì ni pẹ́ńsù yẹn wà, mà. Iwájú mi gan-an. Mo kàn ń rò ó pé kí ló dé tí ìyá yìí ò fẹ́ kí n mọ̀."

"Tí mo bá ti sọ fún yín, ṣé ẹ máa gbà á?"

Ó gbójú sókè síbi tí aago wà. "Mi ò mọ̀," ló wí. "Àmọ́ mi ò ní lè pa aago yẹn."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú Adájọ́ lọ sí ilé-ìwé kékeré náà, wọ́n sì wọlé lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀gá obìnrin náà fi kíláàsì hàn án, ó fi yàrá ìdákẹ́jẹ́ hàn án, níbi tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí, tí ẹni tí ariwo bá sú lè lọ jókòó láìtọrọ àyè. Ó wá bi í ní ohun tí bàbá àti ìyá, dókítà àti onígóòlù, ò rántí bi í látọjọ́ yìí: "Ṣé o fẹ́ máa wá síbí?"

Adájọ́ fimú fa afẹ́fẹ́. "Ó ń gbóòórùn búrẹ́dì."

"Gbogbo ìgbà ni. Ṣé ó burú?"

"Kò burú. Mo fẹ́."

Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ ilé-ìwé ṣe yanjú. Ti ilé ni kò yanjú.

Ọkọ aránṣọ ò bú u, kò lé e, kò sì sọ fún ẹbí kankan. Ohun tó ṣe burú ju ìyẹn lọ. Ọkùnrin tó ti ń pè é ní "ìwọ" látọjọ́ tí wọ́n ti ń fẹ́ra wọn, ṣe ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "ẹ̀yin". "Ẹ kú iṣẹ́." "Ẹ ṣeun, oúnjẹ yín dùn." "Ṣé ẹ máa lo balùwẹ̀?" Bí ẹni ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Ní gbogbo ìsinmi yẹn, ọ̀wọ̀ tí obìnrin náà ń rí nílé fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Ó ní kí n sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilé-ìwé fún irú Adájọ́ pé òun ò ní ìmọ̀ràn ńlá kankan fún yín. Ó ní kí ẹ kàn ṣáà wọlé. Tí ibẹ̀ ò bá dáa, kó jẹ́ pé inú ilé lẹ ti rí i.

Ọjọ́ tí ilé-ìwé wọlé, aránṣọ ò lè rán nǹkan kan tó tọ́. Ọkọ rẹ̀ náà tètè dé láti ibi iṣẹ́, ó ní ọ̀nà ibẹ̀ lòun kàn gbà. Wọ́n jókòó sí pálọ̀ títí Adájọ́ fi wọlé tó gbé àpò kalẹ̀.

"Báwo ni—" ni ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó yára tún un ṣe. "Kí lẹ ṣe nílé-ìwé lónìí?"

"Olùkọ́ ìṣirò ṣi ìṣirò kan. Mo sọ fún un. Ó ní o ṣeun. Lọ́fínńdà olùkọ́ àwòrán pọ̀ jù, mo lọ jókòó sí yàrá ìdákẹ́jẹ́. Ọmọ kan wà níbẹ̀, kì í fẹ́ kí èèyàn wo òun lójú. Èmi náà ò wò ó. Ó ní ṣé kí a máa jókòó pọ̀. Mo ní ẹ̀ẹ̀n."

Ọmọ kankan ò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún Adájọ́ rí láti ilé-ìwé jẹ́léósinmi.

Aránṣọ yíjú sí ògiri. Adájọ́ yípo, ó lọ wò ó láti iwájú.

"Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ fi ń sunkún?"

'Eruku kó sí mi lójú' ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Mo ti rò pé kò sẹ́ni tó máa fẹ́ bá ọ jókòó. Mo ṣì í rò. Ojú ń tì mí, inú mi sì dùn, méjèèjì ló pa pọ̀."

Adájọ́ gbé e yẹ̀ wò. "Ó dáa," ló wí. "Ṣé mo lè lọ bọ́ sọ́kìsì mi?"

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀, ẹ̀rín tó ti pẹ́ tí ilé náà ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó fa áńkáṣíìfù yọ lápò, tòun ti àbàwọ́n gíríìsì tó wà lára rẹ̀, ó nà án sí ìyàwó rẹ̀.

"Gbà," ló wí. "Nu ojú rẹ."

Kò sọ pé "ojú yín".